Ìlà Òfìfo Tí Mo Fi Pamọ́ fún Bọ̀dá Ráímì

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Níbi fídàù ìyá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò lè gbé mì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Iléeṣẹ́ tó ń la gẹdú ní Kumasi, ní Gánà níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bọ̀dá Ráímì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ló mú mi wọbẹ̀, àwọn ló sì kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Ní gbogbo Jímọ̀, kálukú wa máa ń ya gíráàfù iye gẹdú tí ẹ̀ka tirẹ̀ là. Tí iye tuntun bá wọlé, gíráàfù kì í mọ̀. Àfi ká tún un yà.

Èmi ni mo rí ọ̀nà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nínú tábìlì iye orí kọ̀ǹpútà, mo fi ìlà òfìfo kan sábẹ́ iye tó gbẹ̀yìn, mo ní kí gíráàfù kà á mọ́ tirẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òkè òfìfo yẹn ni mò ń ki ìlà tuntun bọ̀, gíráàfù á sì nà fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀: orí mi pé lọ́jọ́ náà.

Láàárín wa, ohun tí ọmọṣẹ́ bá rí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi han ọ̀gá rẹ̀. Mi ò fi hàn. Bọ̀dá bi mí pé, "Násírù, ọwọ́ ẹ yá paa. Kí lò ń lò?"

Mo ní, "Àdúà màámi ni."

Àwàdà ni mo fi ṣe. Bọ̀dá gbà á gbọ́. Wọ́n ra ṣúgà ní ọjà Kejetia, wọ́n gbé e lọ bá ìyá mi ní àdúgbò Sawaba, pé kí màmá bá àwọn náà ṣàdúà sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Màámi ò mọ nǹkan kan. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo ń wò wọ́n, mo dákẹ́. Kò pẹ́, máníjà ní Bọ̀dá lọ́ra jù, ó ní kí wọ́n lọ máa ka pákó níta. Àga wọn di tèmi.

Níbi fídàù, Bọ̀dá dì mọ́ mi, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Màmá gbàdúà fún mi títí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ò jẹ́ kó gbà."

Mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Ojú ń tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òótọ́ tó kù: nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, Bọ̀dá nìkan ló lè wo ohun tí mo ṣe yẹn kí wọ́n sì mọ bó ṣe dára tó. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì tán, ṣé mo lè ṣí kọ̀ǹpútà kí wọ́n rí i?