Mo Sọ Ara Mi Di Ẹbí Wọn Kí Iṣẹ́ Mi Lè Kọ́kọ́ Parí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi tí mo ti ń gbé kiri fún bí ọdún méje, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ǹ bá má sọ ọ́ títí láé, nítorí irọ́ náà ṣe mí láǹfààní. Ọmọ mi ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Obìnrin tó mọṣẹ́ ni mí. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Abidjan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀yọ́ làwọn òbí mi ti wá, inú ọjà Treichville ni wọ́n ti tọ́ mi, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ nílé wa tó jókòó sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ọ̀gá wa fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣe ìwé ẹrù dípò kí a máa fọwọ́ kọ ọ́, èmi ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ilé-iṣẹ́ wa kò ní ẹni tó lè ṣe ètò kọ̀ǹpútà, nítorí náà a gbé e fún agbaṣẹ́ṣe kan ní Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ńlá. Wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ wọn kò pọ̀. Wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ wọn tó lè ṣe apá tó le jù. Ráṣídì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Adjamé.

Èmi nìkan kọ́ ni mo nílò Ráṣídì. Kouamé, ẹlẹgbẹ́ mi tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí wa ní Yopougon, ní apá tirẹ̀ nínú ètò náà. Ọ̀gá Ráṣídì pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ìdajì fún mi, ìdajì fún Kouamé. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ìdajì kò tó mi. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà fún ọ̀gá wa pé iṣẹ́ mi á parí kí ọdún tó parí, mi ò sì ní gbà kí ojú tì mí níwájú àwọn ọkùnrin tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Ráṣídì pé kó máa fi ọjọ́ Kouamé ṣe tèmi. Ó ní, "Tantie, pardon, mi ò lè ṣe é. Patron ti pín in, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Nígbà tí a jọ ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ kan, ó sọ fún mi pé ìyá òun kò ní ẹbí kankan ní Abidjan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú un wá fún ọkọ, ọkọ sì ti kú. Ó dárúkọ agbo ilé wọn, ó dárúkọ bàbá tó bí ìyá rẹ̀. Kò mọ ohun tó ń fi lé mi lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo wọ ọkọ̀ gbaka lọ sí Adjamé, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ìyá Ráṣídì, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta abọ́ onírin. Mo ní ìgbà tí Ráṣídì dárúkọ agbo ilé wọn ni mo mọ̀ pé ọmọ ibẹ̀ ni ìyá tó bí bàbá mi. Mo dárúkọ bàbá wọn, mo ní àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ìyá àgbà mi. Kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀, àwọn òbí mi sì ti kú, kò sí ẹni tó lè já irọ́ mi.

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Ẹ̀jẹ̀ mi dé." Mo rò pé wọ́n á kàn kí mi káàbọ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ìlú yìí ni wọ́n ti ń retí irú mi.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pe Ráṣídì, wọ́n ní, "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Àwọn yòókù á dúró." Ráṣídì kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjọ́ Kouamé ṣe tèmi, ó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí le ju bí òun ṣe rò lọ.

Iṣẹ́ mi parí kí ọdún tó parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wà lọ́kàn mi: inú mi ṣì máa ń dùn tí mo bá rántí. Ìwé tí àwọn oníbàárà máa ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dúró dè, ó ń jáde kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Èmi ni mo jókòó ti Ráṣídì, tí mo là á yé e bí iṣẹ́ èbúté ṣe ń lọ, títí dòní ni wọ́n sì ń lo ètò náà. Ọ̀gá wa dìde fún mi nínú ìpàdé. Àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín wá ń pè mí ní la patronne, ọ̀gá obìnrin. Kouamé fúnra rẹ̀ bi mí pé, "Tu as fait comment même?" Ó fẹ́ mọ bí mo ṣe rí i ṣe. Mo ní mo kàn mọ bí a ṣe ń bá agbaṣẹ́ṣe lò ni.

Ti Kouamé kò parí. Wọ́n ní kò mọ bí a ṣe ń darí iṣẹ́, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó yá ó fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Mo bá a kẹ́dùn, mo tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń sọ fún ara mi pé òun náà ì bá wá ọ̀nà tirẹ̀.

Mo rò pé bí iṣẹ́ bá ti parí, màá rọra yẹra fún Màmá. Wọn kò jẹ́ kí n yẹra. Gbogbo ọdún iléyá la jọ ń ṣe. Nígbà tí mo ṣàìsàn, àwọn ni wọ́n dúró tì mí ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé, "C'est ma fille," pé ọmọ àwọn ni mí. Èmi náà wá fẹ́ràn wọn bí ìyá tó bí mi. Ìyẹn kì í ṣe irọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Bí àwọn ọmọ wa ṣe mọra nìyẹn. Wàsíù, àkọ́bí mi, àti Sìkírá, àbíkẹ́yìn Màmá, máa ń pe ara wọn ní cousin nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé. Wàsíù lọ kàwé ní Dakar. Nígbà tó padà dé, ó wá jókòó tì mí, ó ní Sìkírá lòun fẹ́ fẹ́. Ó ní àwọn mọ̀ pé ẹbí làwọn, àmọ́ ó ti jìnnà, ẹ̀sìn sì gbà á.

Màmá kò gbà. Wọ́n ní, "Ẹ̀sìn gbà á, ilé wa kò gbà á. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni." Sìkírá kò jẹun dáadáa mọ́. Ọmọ mi, tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, ń wọlé, ó ń jáde, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀, ó ní kí n dárí ji òun pé òun fẹ́ fa àbùkù bá ẹbí. Ọmọ mi ń bẹ̀ mí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí.

Màmá ti wá ránṣẹ́ pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ làwọn máa wá. Wọ́n ní lẹ́yìn àwọn, èmi ni àgbà ẹbí wa ní Abidjan, kí n pe àwọn ọmọ méjèèjì jókòó, kí n sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi máa ń wọ àwọn ọmọ náà létí.

Èmi tí mi ò bẹ̀rù ọ̀gá kankan rí, ẹ̀rù Jímọ̀ ń bà mí. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á pàdánù ìyàwó. Bí mo bá sọ ọ́, Màmá á mọ̀ pé àwọn kò ní ẹbí kankan ní ìlú yìí, pé nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn ni mo ṣe wá.

Mo ti pinnu, màá sọ ọ́. Kouamé náà, màá wá a lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe torí kí ẹ bá mi pinnu ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn tó ju Màmá lọ. Ṣùgbọ́n Màmá á wọlé, wọ́n á pè mí ní "ọmọ mi", wọ́n á sì dúró kí n dáhùn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ bá mi wá, ẹ jọ̀ọ́. Èyí tó kù, mo lè fúnra mi sọ ọ́.