A Kì Í Fi Àpòòwé Pe Ìyá Ìyàwó

Bàbá Fágbénró, alága wa, ẹ̀yin tí ẹ ni ilẹ̀ tí ilé ìtẹ̀wé wa dúró lé, mo dọ̀bálẹ̀, bí orúnkún ò tilẹ̀ jẹ́ kí n dé ilẹ̀ tán. Ẹ̀yin àgbà Ajégúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin oníbàárà wa láti Wharf Road, tí ẹ fi ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí akọ̀wé lásán tó ń fẹ̀yìn tì, ẹ ṣeun. Ọ̀gá mi, Madam Ifeoma, ẹ kú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ẹ fi fara dà mí. Sàrátù, ìyàwó mi, mo rí ọ. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Bí mo bá ṣi ẹnikẹ́ni kí, tàbí mo kí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú lónìí. Iṣẹ́ tí mo ṣe láti ọjọ́ yìí kò ju ìyẹn náà lọ: kí n mọ ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ pè, kí n sì mọ orúkọ tí a ó fi pè é. Àwọn yòókù ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Èmi Ìsìmáílà ni mo ń fi ọwọ́ kọ orúkọ àlejò sára àpòòwé.

Rukevwe, ìwọ tó ń gé káàdì wa, ọwọ́ rẹ kò yẹ̀ rí. Ìwọ lo máa ń sọ pé, "Baba, you too dey ask question. Write am make we go!" Ó dáa, mo béèrè jù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí Alhaja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé gba àpòòwé tí a kọ "Misis" sí? Ojú mi ló ṣe. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní ẹni tó ni àpòòwé yẹn kò gbé ilé àwọn. Ta ló fẹ́ kọ "Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin" sí opó tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀? Bí ọkùnrin bá ní ìyàwó méjì, kí kálukú gba tirẹ̀, kí ti ìyáálé sì kọ́kọ́ dé. Bí o bá kọ "àti ẹbí" sí àpòòwé agboolé ńlá, yáa lọ gbé ìkòkò mìíràn kaná. Káàdì àkọ́kọ́ pàápàá, ti olórí ẹbí ni, ì báà jẹ́ yàrá kan ló ń gbé. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń fún un, a kì í rán ọlọ́kadà.

Òfin kan tún wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Mi ò kọ ọ́ sára ògiri rí, torí mo rò pé ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. A kì í fi àpòòwé pe ìyá ìyàwó. Àlejò là ń fìwé pè. Ẹni tó ni ìnáwó, òun ló ń peni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo rú òfin yẹn.

Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àsíátù, ló bí Ummusalamah. Àwọn àti ọkọ wọn ti kọ ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ fẹ́ lọ sílé ọkọ, baba rẹ̀ ní ìyàwó tuntun ni yóò jókòó sí àga ìyá, ó sì gbé iṣẹ́ káàdì wá fún wa. Mo ń kọ orúkọ lọ láti inú ìwé tó mú wá, mo dé àárín àwọn aládùúgbò, mo bá orúkọ ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀.

Ṣé mo lè sọ pé mi ò mọ̀? Èmi tí mo máa ń béèrè bóyá ọkọ wà láàyè! Mo mọ̀. Ọkùnrin náà jókòó síwájú mi, oníbàárà ńlá ni, mo sì kọ ọ́ sára àpòòwé. Mo ń tan ara mi pé baba ọmọ ò ṣáà gbàgbé wọn. Mo tún fi "Alhaja" ṣáájú orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò dé Mẹ́kà rí, bí ẹni pé oyè á bo ìtìjú. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí ẹrú ni mo ṣe jẹ́ ẹ.

Ta ló sì kọ́ mi ní ìwé kíkọ? Àsíátù yìí náà ni. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ló kúrò níléèwé kí èmi lè dúró. Wọ́n ń ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Wharf Road. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, wọn á di ọwọ́ mi mú lórí páálí, à á jọ máa fa lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àpòòwé náà dé, wọ́n dá ọwọ́ mi mọ̀ kí wọ́n tó ka orúkọ ara wọn.

Wọn ò lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá wá kí wa lọ́dún Iléyá, ìdúró ni wọ́n ń kí wa. Ọdún mẹ́sàn-án, wọn ò fìdí kan àga nílé mi. Àgbà ló ní ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi ń to orúkọ ará ìta, mo sọ tilé nù. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ bá wọn ní Ijora Badia. Mi ò mú àpòòwé dání. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ máa bọ̀."

Wọ́n ní, "Ìsìmáílà, nígbà tí ò ń kọ ọ́, ṣé o mọ̀ pé èmi ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀, mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Má sọ ọ́ fún èmi nìkan. Lọ sọ ọ́ lójú àwọn tó ń yìn ọ́. Màá wà lẹ́yìn, màá gbọ́. Bó bá wù mí, màá jókòó."

Mo ti sọ ọ́ o.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé ìtẹ̀wé yìí gbèrú lẹ́yìn mi. Rukevwe, irin kò ní ṣe ọ́ ní jàǹbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi káàdì ránṣẹ́ lórí fóònù báyìí, mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà béèrè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ayọ̀ la ó máa torí ẹ̀ pe ara wa.

Ẹ ti rí i pé mo kọ orúkọ sára gbogbo àga iwájú yìí. Bàbá kan fẹ́ jókòó sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàrátù lẹ́ẹ̀kan, Rukevwe ní kí wọ́n dìde. Kò sí orúkọ lára ìyẹn, kì í ṣe pé mo gbàgbé. A kì í kọ orúkọ fún onílé.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ láti àárọ̀, lórí ìdúró. Àga yín rèé.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ yà lọ́nà díẹ̀, wọ́n ń bọ̀.