Ẹnu Mi Ló Ti Ilé Iṣẹ́ Ahunṣọ Pa

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde láti yìn mí lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi pe yàrá tíì ní ilé iṣẹ́ ìṣúná, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ba ìyìn náà jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi, ara mi kò le mọ́, mi ò sì fẹ́ kí irọ́ sìn mí dé ibojì. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mo fi ọjọ́ ogbó kọ́ ní kíláàsì àgbàlagbà lọ. Bí ó bá wọ́, ẹ fara dà á. Ẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Àpótí, ẹ sì ń fi yangàn pé ohun tó bá wọ etí mi kì í jáde. Ó jáde o. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jáde, ó sì ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́.

Lọ́dọọdún tí ìjọba bá fẹ́ ṣe ètò ìṣúná, tí wọ́n ń ṣírò owó tó máa wọlé àti ibi tí wọ́n máa ná an sí, àwọn ọ̀gá a ti ara wọn mọ́ yàrá títí iṣẹ́ á fi parí. Wọ́n á yọ tẹlifóònù kúrò níbẹ̀, wọ́n á fi ọlọ́pàá sẹ́nu ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo ń wọlé tí mo ń jáde pẹ̀lú tíì, torí pé mi ò mọ̀wé nígbà náà. Bí mésẹ́ńjà tó lọ sílé ìwé bá yọjú, kíá, wọ́n á da ojú ìwé bolẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi, wọ́n á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n rí ibi gbé ife sí. Ìwé ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò ṣọ́ ẹnu. Àfi bí ẹni pé ojú ni púrúǹtù fi ń gbọ́rọ̀!

Lọ́dún yẹn, aṣọ òkèèrè ti gba ọjà, kò sì wọ́n. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ tiwa kò lè bá a figagbága. Mò ń da tíì lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gá Àgbà sọ pé, "Owó ibodè aṣọ òkèèrè á di ìlọ́po mẹ́ta láti ọjọ́ tí a bá ka ìṣúná, kí àwọn tiwa lè rí ààyè mí. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò kan bá gbọ́ ṣáájú, ó bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á kó aṣọ ọdún méjì wọlé lówó àtijọ́." Ó wò yíká bí ẹni tó ń wá olè, ojú rẹ̀ sì kọjá lára mi. "Màmá Tíì, ṣúgà dà?"

Ọkọ ọmọbìnrin mi àgbà, tó ti di olóògbé báyìí, akọ̀wé ni lọ́dọ̀ ọlọ́jà kan tó ń kó aṣọ òkèèrè wọlé. Bí ọdún ò bá dé, kì í kí mi. Àfi bí àsìkò ìṣúná ṣe dé tó di pé ó ń bá mi gbé omi. Ó yẹ kí n fura. Irọ́ ni mo tún fẹ́ pa yẹn: mo fura, mo sì fún un ní àga. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ, ẹ ṣáà mi orí. Ẹ ò sọ nǹkan kan nìyẹn." Ó ní ọ̀gá òun á fi òun ṣe alábòójútó, ọmọ mi á sì kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àtàwọn ọmọ há mọ́. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ yìí ní ọwọ́ kan èrú nínú." Ó rẹ́rìn-ín: "Háà, Màmá! Èmi àna yín?" Mo mi orí. Kò tó mi. Mo tún la ẹnu: "Ìlọ́po mẹ́ta ni. Kó tètè." Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó ní kí n sọ pé kó tètè.

Kí wọ́n tó ka ìṣúná, ẹrù ọlọ́jà yẹn ti gúnlẹ̀. Owó ibodè gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí kò san án ló kún ọjà. Ilé iṣẹ́ wa hun títí, kò rẹ́ni rà á, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nílé iṣẹ́ ìṣúná, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ti tú àṣírí, ọ̀rẹ́ ò gba ọ̀rẹ́ gbọ́ mọ́. Ẹni bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí ló ń dùn mọ́ ọn. Ẹni bá dákẹ́, wọ́n á ní kí ló ń rò. Èmi náà ń wo ojú gbogbo ẹni tó gba ife lọ́wọ́ mi: ṣé eléyìí ti mọ̀? Wọ́n gbé olùwádìí kan wá tí kì í mu tíì. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ̀ ń wọlé, ẹ̀yin lẹ̀ ń jáde. Ta lẹ rí?"

Taipíìsì kan wà tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé, tí wọ́n tì mọ́lé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́, òun nìkan ló máa ń bá mi ṣan ife. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó bẹ ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà pé kó jẹ́ kí òun lo tẹlifóònù tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì fetí ara mi gbọ́ ọ: "Màámi, ṣé ẹ ti lo oògùn?" Ohun tí mo wá sọ fún olùwádìí ni pé, "Mo rí taipíìsì nídìí tẹlifóònù, sà. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́." Òótọ́ ni, òótọ́ yẹn ni mo sì fi pa á. Ọlọ́pàá sẹ́ kanlẹ̀ pé òun kò fún un láyè, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ. Bó ti ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó dúró tì mí: "Màmá Tíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ." Mo ní, "Ọmọ mi, etí mi ti ń di." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Àgbà sọ mí ní Ìyá Àpótí.

Olófòófó ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin yẹn. Àbúrò mi pàdé rẹ̀ lójú títì, ó tutọ́ sílẹ̀: "Ìwọ lo gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi!" Mo di àbúrò mi lápá mú, mo ní, "Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ẹ ò rí ojú mi bí!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé rẹ̀. Òun náà ti darúgbó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ká aṣọ, kò dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mò ń bèèrè oògùn?"

"Mo gbọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó ní, "Kò burú. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó gbà yín gbọ́. Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ṣe é."

Nítorí náà, ìwọ ọmọ ọmọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbi iṣẹ́ yẹn, ìwé yìí ni kí o dìde kà fún wọn dípò ìyìn. Bí ìbátan rẹ bá ní kí o ṣáà mi orí lásán, dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ti bá wọn bú taipíìsì yẹn, ẹ má tíì wá sọ fún mi pé ẹ dárí jì mí. Ilé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ tọrọ àforíjì tiyín. Bó bá gbà yín wọlé, ẹ wá sọ fún mi, bí ẹ bá ṣì bá mi láyé.