Ta Ni Yóò Gbé Ràúfátù Lọ Sílé Ìwé Lọ́la?

Màdáàmù Dírẹ́tírìsì Justine, ọ̀gá ilé ìwé yìí, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga ńlá lónìí tí ẹsẹ̀ yín ò sì kanlẹ̀, mo kí yín. Bàbá Lèmọ́mù, mo kí yín. Pásítọ̀ wa, mo kí yín, ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ kí Lèmọ́mù, òun ló tètè dé. Aṣojú Mẹ́ẹ̀rì, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ìfàngní, ẹ̀yin tí ẹ ti Lagbé wá, ẹ̀yin tí ẹ ti Tchaada wá, ẹ̀yin ìyá tí ẹ fi àtẹ sílẹ̀ lọ́jà nítorí tèmi, ọjà á tà o. Ẹ̀yin zémì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́, mo rí i pé ẹ fọ ṣẹ́ẹ̀tì yín lónìí, mo dúpẹ́ gidigidi. Hàsíátù, ìyá àwọn ọmọ mi, ìwọ ni mo kí kẹ́yìn, nítorí pé láti ọ̀la lọ, ìwọ nìkan ni yóò kù tí mo máa rí bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi Jẹ́láàní, zémì nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gun alùpùpù láti Ìfàngní lọ sí Ìgòlò lẹ́nubodè, láti Ìgòlò padà sí Ìfàngní. Bí a bá so gbogbo ìrìn yẹn pọ̀, ǹ bá ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí wọ́n máa pè mí ní Àlàájì. Ṣùgbọ́n Ìgòlò náà ni mo ń dé. Ẹ̀yìn ń dùn mí báyìí. Ojú náà ti ń ṣe bákan. Lóṣù tó kọjá, mo rí ohun funfun kan tó jókòó lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Mo dá alùpùpù dúró, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Bàbá Lèmọ́mù, ẹ kú ìjókòó." Ohun funfun náà dìde, ó ní "mẹ̀ẹ̀," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Lèmọ́mù, ẹ foríjì mí, aṣọ funfun yín ló fà á. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó tó. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́ kò yẹ kó máa gbé ọmọ ọlọ́mọ kiri mọ́.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Ṣùgbọ́n inú tèmi ò dùn tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo ọmọ tó jókòó níwájú yẹn, tó wọ kákí ilé ìwé, tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ràúfátù ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ sì wá iṣẹ́ lọ, a ò gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀yìn Lagbé ló ń gbé, níbi tí ọ̀nà ti ń parí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbé e wá sílé ìwé yìí ní àràárọ̀. Ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, Mùríìdì, ọkùnrin tó fara ti igi máńgòrò lọ́hùn-ún, tó ń ṣe bíi pé fóònù lòun ń wò.

Mùríìdì wá sílé mi ní Jímọ̀ tó kọjá. Ó gbé gàrí wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ yìí, ta ni yóò máa gbé ọmọ yìí? Obìnrin kan ń bọ̀ láti òdìkejì ẹnubodè, ó fẹ́ mú un dání ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun á fi í sílé ìwé níbẹ̀." Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọjọ́rú nìyí, àbí mo ti tún ṣì í mú bíi ti ewúrẹ́? Ọjọ́bọ̀, ọ̀la ni! Mo jẹ gàrí náà o, mi ò ní purọ́.

Mùríìdì, jókòó, má tíì lọ. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Ní ogún ọdún sẹ́yìn, obìnrin kan tó fi góòlù sọ́rùn gbé ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sẹ́yìn mi. Ó ní kí n gba ọ̀nà inú oko, òun á pàdé wa ní òdìkejì. Ṣé mo bi í léèrè? Rárá. Èrò ni, ṣebí èrò là ń gbé? Nígbà tí a dé àárín oko, ọmọ náà ní, "Bàbá, níbi tí à ń lọ yìí, ṣé ilé ìwé wà níbẹ̀?" Mo ní, "Ó wà. Ó tóbi ju ti ibí lọ." Ṣé mo mọ̀? Mi ò mọ nǹkan kan! Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́ ni, kí n lè gbọ́ ẹ́ńjìnì mi, nítorí ẹ́ńjìnì náà ń wúkọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dá mi dúró ní Ìgòlò, ó na ìwé pélébé kan sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibi tí wọ́n kọ síbí." Mo kà á fún un. Ó wo ojú mi títí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ilé ìwé wà níbẹ̀." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń kí èèyàn ni. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Àwo ló fi ọdún mọ́kànlá fọ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló fi ọdún mọ́kànlá pọ̀n, kò fọwọ́ kan ìwé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún láti Ìgòlò dé ilé. Hàsíátù bi mí pé kí ló dé, mo ní eruku ló kó sí mi lójú. Òjò sì ń rọ̀.

Fàtímọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Òun nìyẹn, pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Òun ló ń rán gbogbo kákí tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀. Kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀, kókó ló ń ta sára okùn láti fi rántí ìwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí kákí tó fún mọ́ ọmọ kankan lára rí. Fàtímọ̀, mo ti bẹ̀ ọ́ nínú ilé. Lónìí mo bẹ̀ ọ́ níta gbangba. Dárí jì mí. Mo purọ́ fún ọmọ kékeré, irọ́ náà sì gba ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi gbogbo ọmọ tó bá ń lọ sí ẹnubodè láìsí ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lorúkọ rẹ? Ta ni ìyá rẹ? Kíláàsì wo lo wà? Bí kò bá rí ìkẹta dáhùn, alùpùpù mi ò ní dé ẹnubodè, ilé ìwé ni mo ń yà sí.

Bon. Ibẹ̀ ni mo ti kó bá ara mi. Ọdún kejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ọmọbìnrin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Àjàṣẹ́ dé. Ó di irun ọmọ ilé ìwé, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó mú agboòrùn dání. Ó ní Ìgòlò lòun ń lọ, lọ́dọ̀ àǹtí òun. Áà! Lọ́dọ̀ àǹtí! Gbogbo wọn ló máa ń lọ sọ́dọ̀ àǹtí! Mo ní, "Kí lorúkọ rẹ?" Ó ní, "Justine." Mo ní, "Ta ni ìyá rẹ?" Ó ní ìyá òun ti kú. Mo ní, "Kíláàsì wo lo wà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n ní bí wọ́n bá bi í, kó rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Gun ẹ̀yìn." Ó gùn ún. Mo yí alùpùpù sí ọ̀nà ilé ìwé, mo sì fún un ní iná.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fi agboòrùn yẹn lù mí láti oríta dé ẹnu ọ̀nà yìí! Orí o, èjìká o, ibi tó bá ti rí. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́. Mo ń kígbe pé, "Máa lù mí, ọmọ mi, lọ́jọ́ iwájú wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!" A dé ibí. Ọ̀gá ilé ìwé ìgbà náà jáde, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó tẹrí ba, ó ní, "Mademoiselle, ẹ káàbọ̀. Ọ̀la la ń retí yín." Olùkọ́ tuntun ni mo jí gbé!

Màdáàmù Dírẹ́tírìsì, ẹ má bojú, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀? Ẹ ní, "Bàbá, ẹ ti jí mi gbé wá sílé ìwé. Ó dáa. Ẹ wá lọ jí àwọn tó yẹ kí ẹ jí gbé." Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí òfin wa, pé ìrìn àkọ́kọ́ láàárọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn kì í ṣe ti èrò. Ti ọmọ tí kò rí ẹni rán an lọ sílé ìwé ni. Zémì kan, ọmọ kan: a gbé e, a ra ìwé rẹ̀, a sì mọ ohun tó jẹ lọ́sàn-án. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ní a ti ya wèrè. Lónìí zémì mẹ́tàdínlógójì ni wá, ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló sì ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìwé yìí. Dieudonné tó máa jẹ́ olórí yín lẹ́yìn mi, ó máa ń kọrin fún ọmọ tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá. Ọmọ náà ti wá mọ ìwé jù, nítorí pé ó máa ń sáré wọ kíláàsì láti sá fún orin.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó kàn mí báyìí. Mùríìdì, dìde. Tọ̀ mí wá síbí. Ẹ fún un lọ́nà. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Kí lorúkọ ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ? Ó ní Ràúfátù. Ta ni ìyá rẹ̀? Ó ní Scholastique, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kíláàsì wo ló wà?

Ẹ má sọ fún un! Ràúfátù, pa ẹnu dé!

O ò mọ̀ ọ́n. O mọ ọjọ́ tí obìnrin yẹn ń bọ̀, o ò mọ kíláàsì ọmọ. CM2 ni, Mùríìdì, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo kíláàsì wọn, òun ló ń ṣe ipò kejì. Ṣé o gbọ́?

Ẹ má hó lé e lórí. Èmi tí mo gbé Fàtímọ̀, ta ni mo fẹ́ hó lé? Mùríìdì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó bọ́ ọmọ yìí nígbà tí kò rí tirẹ̀ jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣófo, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo kì í pẹ́ gba irọ́ gbọ́. Mo lè ní kí Dieudonné máa gbé Ràúfátù. Ṣùgbọ́n zémì kò lè sùn sẹ́nu ọ̀nà Mùríìdì láti ṣọ́ ọ. Mùríìdì nìkan ló lè ṣọ́ ilé Mùríìdì.

Nítorí náà, gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Alùpùpù mi ni. Mi ò tà á fún ọ, mi ò sì yá ọ, mo fún ọ ni. Hàsíátù, o ń pàtẹ́wọ́? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lo ti ń pè é ní orogún rẹ, ó ń lọ nìyẹn! Mùríìdì, máa fi wá oúnjẹ rẹ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìrìn àkọ́kọ́, ti Ràúfátù ni. Bí ó bá ṣe ìdánwò tán, tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìrìn àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ṣé o gbà? Sọ ọ́ sókè. Ó ní òun gbà! Gba ṣẹ́ẹ̀tì náà. Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Hàsíátù ti fọ̀ ọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Pe obìnrin náà. Níbí, báyìí, kí gbogbo wa gbọ́. Ó ń dún... ó ti gbé e. Sọ̀rọ̀, Mùríìdì, ahọ́n rẹ dà? Ẹ gbọ́! Ó sọ ọ́! Ó ní ọmọ òun ò lọ mọ́! Kí ni obìnrin náà wí? Ó ní ariwo kí ló wà níbẹ̀? Sọ fún un pé zémì mẹ́tàdínlógójì ni, àwọn tó ń gbé èèyàn ní gbogbo ọ̀nà tí òun lè gbà wọ Ìfàngní. Ẹ̀yin zémì, ẹ tẹ fèrè kó gbọ́!

Ó ti pa fóònù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó. Gbogbo ẹni tí mo ṣẹ̀ lójú ọ̀nà, tí mo ta omi ẹrẹ̀ sí láṣọ, tí mo sọ fún pé "a ti fẹ́ dé" nígbà tí a ò tíì lọ rárá, ẹ dárí jì mí. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀. Ilé yín kò ní dahoro. Ọmọ tí ẹ bá rán lọ sílé ìwé kò ní sọnù sí ọ̀nà oko ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà ni yóò máa ka lẹ́tà fún lọ́jọ́ ogbó. Ọlọ́run yóò fún Fàtímọ̀ ní ayọ̀ tó ju ọdún mọ́kànlá lọ.

Mùríìdì, agogo méje ààbọ̀ ni wọ́n ń lu agogo nílé ìwé, Lagbé sì jìnnà, má pẹ́ lọ́la. Ràúfátù, ọmọ mi, di ẹ̀yìn rẹ̀ mú dáadáa. Bí o bá rí i tó yà sí ọ̀nà Ìgòlò, o mọ ohun tí wọ́n fi ń lu zémì. Màdáàmù Dírẹ́tírìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá a ní agboòrùn yín.

Ẹ ṣé o.