Ihò Tí Mo Dí Lábẹ́ Píkọ́ọ̀pù Àbúrò Mi

Ẹ jókòó. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ìbínú jáde ṣe sùúrù ná, ọ̀rọ̀ ò tíì dé ibi ìbínú. Ohun tí mo fi ara bò bí ẹni fi ara bo ẹyin iná ti jó mi dé egungun, lónìí ni mo fẹ́ ṣí i sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí mo mọ ẹnu ara mi. Ẹnu tó yá bíi tèmi yìí, bó bá dé ibi tó le, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni yóò bá yọ. Oníwèé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà mẹkáníìkì, ni mo ní kó kà á sí yín létí. Oníwèé, má fo ìlà kankan, pàápàá ibi tí mo ti bú ọ. Àbúrò mi wà níbí, ọmọ rẹ̀ wà níbí, ìyá ìyàwó rẹ̀ náà wà níbí, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jọ jókòó nínú yàrá kan gbẹ̀yìn. Èmi ni mo fà á. Kì í ṣe àbúrò mi.

Ìyá Sípánà ni gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ń pè mí. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi níṣẹ́. Ọkọ mi ló ń tún ọkọ̀ ṣe, èmi máa ń bá a gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Nígbà tó kú, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ tó tú kalẹ̀, mo sì parí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu nà wọ́n, mo fi iṣẹ́ nà wọ́n. Mo sọ fún ara mi pé obìnrin tó bá wà láàárín irú wọn kò gbọdọ̀ ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìgbéraga ni mo ń pè ní ọgbọ́n. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, wá ra píkọ́ọ̀pù, ó ń fi í kó pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà yẹn tí ọkọ̀ máa ń là kọjá. Lọ́jọ́ kan mo tú ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn, irin tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ọ́ìlì náà funfun bíi wàrà. Omi ti wọ̀ ọ́. Mo wá a títí, mo rí ihò kan lókè ilé jíà náà, kò ju orí ìṣó lọ. Mo ní, "Ibi tí olè ń gbà wọlé rèé." Mo fi bóòtù dí i pinpin, mo sì ń yangàn kiri. Mi ò mọ̀ pé ihò yẹn ni jíà fi ń mí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ́ìlì ń kán nídìí táyà ẹ̀yìn. Mo yọ síìlì, rọ́bà roboto tó ń dá ọ́ìlì dúró nídìí ọ̀pá táyà, mo fi tuntun sí i. Ọjọ́ mẹ́wàá, ó tún ń kán. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo pààrọ̀ béárìn mọ́ ọn. Ó tún kán, lápá méjèèjì. Ìyàwó àbúrò mi, tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láìsá, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ti ń tọ̀ sára o. Àfi kí ẹ so ìtẹ́dìí mọ́ ọn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Oníwèé, tó lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ló wá bá mi jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá Sípánà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ihò tó wà lókè jíà yẹn. Bó bá dí, tí jíà gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ti ọ́ìlì jáde ni." Mo dìde lójú gbogbo ọgbà. Mo ní, "Jíà ń mí? Ṣé ó tún ń sín ni? Ìwé tí o kà ti gbé orí ẹ lọ. Bó bá jẹ́ ihò yẹn ni, ẹ gba sípánà lọ́wọ́ mi, kí n lọ máa ta omi." Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi gbé ọkọ̀ wá tààrà láti ojú ọ̀nà, jíà ṣì gbóná. Mo tú ìdérí ibi tí a ń gbà rọ ọ́ìlì sí i, ó ké fùù, ọ́ìlì fọ́n sí mi lójú. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀, ọ́ìlì ń ṣàn lọ sí etí mi, mo sì mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ̀. Ohun tó kù ò ju kí n yọ bóòtù kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Oníwèé fara ti ọkọ̀ kejì, ó ń wò mí. Mo ní bó bá lọ jẹun, n ó yọ ọ́. Kò lọ. Mo fi síìlì tuntun sí i. Láínì bíréèkì ẹ̀yìn, ohun tó ń di táyà mú kí ọkọ̀ lè dúró, ti mu ọ́ìlì yó, kò lè di nǹkan kan mú mọ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nù, kí n ní ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò níbí. Bẹntiróòlù ni mo fi fọ̀ ọ́, mo fi sáńpépà ha á, mo dá a padà. Mo ní tó bá di àárọ̀ ọ̀la, kí Oníwèé tó dé, n ó ránṣẹ́ pe ọkọ̀ náà padà. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa gbé e lọ? Pákó pọ̀ nílẹ̀ lónìí, ìyàwó mi náà ń bá mi lọ." Mo ní, "Máa gbé e lọ jàre. Ta ló tún un ṣe?"

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti ibi gẹdú wọ ìlú gùn. Pẹ̀lú ẹrù pákó, bíréèkì iwájú nìkan ò lè dá ọkọ̀ dúró níbẹ̀. Ọ̀sán ò tíì rọ̀ tí wọ́n fi wá pè mí. Píkọ́ọ̀pù ti wọ ìdí tírélà kan ní ìsàlẹ̀. Apá àbúrò mi ti kán. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ wọn.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ ló burú dé. Ó kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ọgbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí. Mo sọ fún ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé báàgì olóògbé ni mo fẹ́ mú. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá." Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo yọ bóòtù náà, mo jù ú sínú gọ́tà. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò dé, ihò ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ìkọlù ló fọ́ síìlì, pé eré àsápajúdé ni dírẹ́bà sá. Ìyá, ẹ̀yin sì wá mú ọmọ lọ, ẹ ní ẹni tó pa ọmọ yín ò ní tọ́ ọmọ-ọmọ yín. Èmi ni mo gbé omi fún yín mu lọ́jọ́ náà.

Ó ṣì kù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò mi wá jókòó sétí ibùsùn mi, wọ́n ti so apá rẹ̀ kọ́rùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀. Mo rò pé mo tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sóhun tó ṣe bíréèkì. Ṣé mo tẹ̀ ẹ́, àbí mi ò tẹ̀ ẹ́?" Ó ń wo ẹnu mi bí ìgbà tó wà ní kékeré. Mo ní, "Ìwọ nìkan ló mọ̀." Ọwọ́ mi ni mo fi pa ìyàwó rẹ̀, ẹnu mi ni mo fi pa òun.

Látìgbà náà kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Kídìnrín mi ti kọṣẹ́, òun ló ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn mi lọ sí ọsibítù. Bí a bá dé ibi tí títì ti ṣe gẹ̀rẹ́, á yí mi padà, á gba ọ̀nà tó jìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tòògbé lórí bẹ́ńṣì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Bàbá, aṣọ ta lẹ ń rán?" Mi ò lè gbé e mì mọ́.

Mo ti kọ ìwé sí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, mo sì fọwọ́ sí i. Ọmọ wa, bí o ò bá fẹ́ pè mí ní nǹkan kan mọ́, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n pe bàbá rẹ ní bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú sípánà, ìtìjú tó bá yín lónìí á kọjá lọ. Òkú ò ní jí. Àbúrò mi, wo ibí. O tẹ̀ ẹ́. O tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, o sì tẹ̀ ẹ́ ní àkókò tó yẹ kí ọkọ̀ fi dúró. Èmi ni mi ò jẹ́ kó dúró. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná.