Mo Ní Ọmọ Náà Ti Bá Ìyá Rẹ̀ Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ọdún keje rèé tí mo ti ń gbé ohun kan kiri nínú mi. Mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Kódà bí mo bá kírun tán, tó bá kan ibi tí èèyàn ti ń tọrọ àforíjì, ńṣe ni mo máa ń yára ká ẹní mi dìde. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó ṣẹ́ èpè fún mi.

Àwọn orúkọ tí mo máa lò kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Èmi ni ìyàwó kejì nínú agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Mo ka ìwé girama tán, aṣọ ọmọdé ni mo ń tà ní Ọjà'ba. Wẹ́dà ni ọkọ wa, Bẹẹrẹ ló ti ń jó irin. Mo bá ìyálé mi nílé, ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Ìyá Ráfíátù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọmọ kí wọ́n tó bí Ráfíátù, wọn ò sì rí òmíràn bí lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn lónìí. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo bí Wàlíù, àkọ́bí mi, àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́ fún mi títí ìwọ́ rẹ̀ fi já. Ẹnu wọn ló mú. Ohun tó bá ti wá sí wọn lẹ́nu, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàgbé. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ni kì í gbàgbé.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alásàlátù wa ṣètò ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ sí Òkè Ìdànrè, ká lọ wo ààfin àtijọ́ tí àwọn ọba wọn ń gbé lórí àpáta kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì la gbà. A kírun Àsùbáà tán, a wọkọ̀ ní Oríta-mẹ́rin, tọmọtọmọ. Wàlíù jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà náà, Ráfíátù jẹ́ mẹ́rin. Híjáàbù pupa ni ìyá rẹ̀ wọ̀ fún un, ọmọ náà ní òun ò ní í bọ́ ọ láéláé.

Ọmọkùnrin ìlú náà kan ló mú wa gòkè, afinimọ̀nà ni. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ni wọ́n ṣe sí ara òkè náà. A kọ́kọ́ ń kà á, àmọ́ nígbà tó yá, èémí ò jẹ́ ká kà á mọ́. Alhájà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ló gbé ọba yín débí? Ṣé wọn ò rí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni?”

Ó dáhùn pé, “Ogun ni, ìyá mi. Kí ọ̀tá tó dé òkè, á ti rẹ̀ ẹ́.”

Alhájà ní, “Ó ti rẹ èmi báyìí. Lọ sọ fún wọn pé mo ti túúbá.” A rẹ́rìn-ín títí.

A dé ààfin náà. Ilé alámọ̀ ni, ó ní àgbàlá nínú, ó ní òpó igi tí wọ́n gbẹ́ èèyàn àti ẹlẹ́ṣin sí lára. Afinimọ̀nà fi ibi tí ọba ń jókòó hàn wá, àti ibi tí àwọn ìjòyè ń jókòó sí. Ó wù mí. Mo rántí dáadáa pé ó wù mí. Ráfíátù ń sá láti ẹ̀yìn òpó kan sí ìkejì, ó ń bi wá pé níbo ni ọba náà lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó mú wa lọ wo ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta. Ó ní gbogbo ẹsẹ̀ ló ń bá a mu, àtọmọdé àtàgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n tò, wọ́n ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò tò. Oyún oṣù márùn-ún ti bàjẹ́ lára mi ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Ara mi ò tíì bọ̀ sípò, àwàdà irú ìyẹn ò sì wù mí.

Ìyá Ráfíátù ló kígbe, “Ìyàwó, wá o! Ẹni tí kò jalè, kí ló ń bà á lẹ́rù ní àgọ́ ọlọ́pàá?”

Mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí.

Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ ń ro ọ́ àbí ẹ̀rù ń bà ọ́? Àbí ìwọ fúnra ẹ lo jẹ oyún ọjọ́sí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn mélòó kan bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó rí ojú mi. Ẹnìkan ní, “Háà, Ìyá Ráfíátù, ẹ̀yin náà!” Wọ́n ní, “Àwàdà ni mò ń bá a ṣe, àbúrò mi ni.” Mo rìn lọ síbẹ̀, mo ti ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́. Ó bá a mu régí. Kò sí ẹni tó ń wò mí mọ́. Wọ́n ti yíjú sí òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi èyí gbèjà ara mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà láyà mi lọ́jọ́ náà ni.

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Ráfíátù ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn máa bá àwọn àgbà tètè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fa Ráfíátù lé mi lọ́wọ́. “Ìyàwó, bá mi mójú tó o, ó ṣì fẹ́ wo ilé ọba.” Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọn ò sọ nǹkan kan sí mi rárá. Ìyẹn tún dùn mí ju ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí òjò ṣú, afinimọ̀nà ní ká máa bọ̀. Ó nawọ́, ó fẹ́ ka àwọn ọmọ. Alhájà gbá ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀.

“Kí lo fẹ́ kà? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!”

“Ẹ má bínú, ìyá mi. Kí n má bàa fi ẹnìkan sílẹ̀ ni.”

“Béèrè lọ́wọ́ oníkálukú. Abiyamọ mọ tirẹ̀.”

Ó bá ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kálukú ń dáhùn pé tòun wà níbí. Ó kàn mí. Wàlíù ń sùn lẹ́yìn mi. Ráfíátù ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ ibi tó wà. Mo ti rí i tó sá padà wọ ààfin, mo rí etí híjáàbù pupa náà tó yí ẹ̀yìn òpó.

Afinimọ̀nà ní, “Ọmọ kékeré tó wọ pupa yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.”

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Lẹ́yìn tó jáde tán ni mo wá rò ó. Mo rò ó pé tí a bá dé ìsàlẹ̀, Ìyá Ráfíátù á wá ọmọ wọn, wọ́n á pariwo, ojú á tì wọ́n níwájú àwọn obìnrin tí wọ́n fi mí pa lẹ́rìn-ín. Afinimọ̀nà á sá gòkè lọ gbé e. Wákàtí kan, ó tán. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Òjò ká wa mọ́ ojú àtẹ̀gùn. Ńṣe la ń sáré. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kìíní tí Ìyá Ráfíátù wà nínú rẹ̀ ti ń rọ́ lọ. Wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ọwọ́ bi mí bóyá gbogbo wa wà. Mo gbé ọwọ́ sókè, pé a wà. Irọ́ àkọ́kọ́ ló gbé ọwọ́ náà sókè. Bí mo bá sọ òótọ́ nígbà yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo ti sọ lókè. Mo wọ bọ́ọ̀sì kejì. Mo jókòó. Òjò ń lu pánù orí ọkọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń lu ọmọ náà.

Àkúrẹ́ la ti dúró kírun Aláàsárì. Ìyá Ráfíátù wá sídìí ọkọ̀ wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mú búrẹ́dì dání fún un. “Ráfíátù dà?”

Mo ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú un lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀.”

Mi ò ní í kọ bí wọ́n ṣe ké síbí. A padà. A bá afinimọ̀nà nísàlẹ̀ òkè, ó gbé e sáyà. Ó ní òun ń ti géètì ìsàlẹ̀ òkè ni òun gbọ́ igbe, ni òun bá tún gun òkè náà nínú òjò. Ọmọ náà ti gbìyànjú láti dá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó yí gbirigbiri. Egungun itan rẹ̀ kan ti dá. Híjáàbù náà ti sọnù.

Àwọn obìnrin kọjú sí afinimọ̀nà, wọ́n fẹ́ lù ú. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, “Ìyá tó pọnmọ yìí ló sọ fún mi pé ó ti bá ìyá rẹ̀ lọ.” Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ tirẹ̀ ló sì fìdí irọ́ mi múlẹ̀, torí ohun kan náà ni mo ti ń sọ láti Àkúrẹ́.

Ìyá Ráfíátù ní, “Ìyàwó, wo ojú mi. Èmi ni mo fà á lé ọ lọ́wọ́.”

Mo ní wọ́n padà wá mú un. Àwọn àgbà tó bá wọn sọ̀ kalẹ̀ ò lè sọ pé irọ́ ni, torí kálukú ló sọ̀ kalẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Mo fi Wàlíù tó wà lẹ́yìn mi búra. Láti ọjọ́ náà, bí ara Wàlíù bá gbóná díẹ̀, mi ò lè jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ó tún kù. Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọsibítù, èmi ni mo jókòó ti ọmọ náà nígbà tó la ojú. Wọ́n ti gbé ìyá rẹ̀ jáde nítorí igbe. Ó ní, “Àǹtí, mo pè yín, ẹ ò dáhùn.” Ẹ̀rù bà mí pé yóò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Mo fi ọwọ́ pa á lórí, mo ní, “Kì í ṣe èmi, Mọ̀mí ẹ ló gbàgbé ẹ.” Mo tún un sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Mo tún un sọ títí òun náà fi ń sọ ọ́.

Ìyá ọkọ wa ní, “Abiyamọ wo ló ń gbàgbé ọmọ sórí òkè?” Ọkọ wa ní kí Ìyá Ráfíátù máa lọ. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí ilé bàbá wọn ní Mọ́létè. Ọkọ wa ò jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ dání. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí láyé ni èmi ń tọ́.

Mo tọ́ ọ dáadáa. Ẹ má yìn mí. Ó ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ń tiro, ó mọ̀wé. Mọ̀mí ló ń pè mí. Bí mo bá ń di irun rẹ̀, ó máa ń gbé orí lé itan mi, ó máa ń sọ pé, “Ẹ̀yin ò lè gbàgbé mi láé, àbí?” Bí ìyá rẹ̀ bá ránṣẹ́ sí i, kì í gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Ìyá Ráfíátù ní Oríta-mẹ́rin. Mo fẹ́ yà. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ti gbẹ. Mo rò pé wọ́n máa ṣépè fún mi. Ì bá sàn.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, dárí jì mí. Mo ti rò ó títí. Gbogbo èèyàn ò lè máa purọ́, kí èmi nìkan jẹ́ olóòótọ́. Bóyá mo padà wá mú un lóòótọ́, tí mo sì fi í sílẹ̀ níbì kan. Mo tilẹ̀ ti ń rí ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ mi nísinsìnyí. Ọlọ́run á san án fún ọ, o bá mi tọ́ ọmọ mi.”

Mo ní àmín. Ẹ gbọ́ o, àmín ni mo ṣe.

Wọ́n ti lọ bá mọ́gàjí tó jẹ́ olórí agbo ilé wa. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n ń bọ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ wa, níwájú ìyá ọkọ wa, níwájú ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n á jẹ́wọ́ pé àwọn làwọn gbàgbé rẹ̀, kí ọkọ wa lè jẹ́ kí wọ́n máa rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n bá wọn bẹ ọmọ náà, torí èmi ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Mo ti bí méjì sí i lẹ́yìn Wàlíù, àbíkẹ́yìn ṣì ń mu ọmú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ọkọ wa yóò lé mi, yóò sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi bó ṣe gba Ráfíátù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ráfíátù náà á wá mọ̀ pé ẹni tó ń pè ní Mọ̀mí ló fi òun sínú òjò. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, màá jókòó, màá máa wo obìnrin kan tó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n tètè lọ bá mọ́gàjí ní kọ̀rọ̀ ni, àbí níwájú gbogbo wọn ni kí n ti sọ ọ́? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ìyá ni àbí ọmọ? Ẹ bú mi bó bá wù yín, àmọ́ ẹ dá mi lóhùn kí Jímọ̀ tó pé. Ìyá ọkọ mi ti ní èmi ni kí n wá ẹní tó mọ́, kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wọn láti kúnlẹ̀ lé.