Mo Ní Okùn Inú Fíùsì Náà Ṣì Wà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún àlùfáà ìjọ wa, nítorí àwọn méjèèjì á sáré lọ bá ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ náà kò jìnnà. Ọkọ mi ni. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà lábẹ́ igi máńgòrò wa níta, ó ń gbọ́ rédíò.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lánàá, mo gbọ́ tó ń bá Ṣadé ọmọ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ náà béèrè bóyá pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà ti ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ṣadé, kì í ṣe pọ́ǹpù ló bàjẹ́ o. Èmi ni." Mo wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi. Mi ò lè rán aṣọ aláṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayétòrò là ń gbé. Tíṣà ni ọkọ mi títí tó fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé bí ẹ̀rọ bá kọ̀, kí wọ́n má gbá a létí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti ń wá, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ibi tí iná bá ti dúró, ibẹ̀ ni àléébù wà. Ó wí i títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá Ibi-Iná-Dúró. Títí dòní, ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n á dá ọ̀kadà dúró lójú títì, á kígbe orúkọ yẹn, ẹnu ọkọ mi á wá là dé etí.

Gbogbo àdúgbò ló ń gbé nǹkan wá fún un, áyọ́ọ̀nù, fáànù, rédíò. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣáà ti dúpẹ́, kí wọ́n sì dúpẹ́ dáadáa, torí ó fẹ́ràn ọpẹ́ ju ẹran lọ.

Èmi, aránṣọ ni mí. Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mi ò lo awò kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọkọ mi a máa fi ojú mi yangàn fún àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ojú tirẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ ife. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kí aṣọ tí mo sá sórí okùn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù bà á. Mo ní kí a lọ rí dókítà ojú ní Ìlaròó. Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Mo tún un sọ, ó gbé rédíò, ó bọ́ síta.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́nà Igbogila, nígbà tí à ń ti oko bọ̀ nínú mọ́tò wa. Ìyá kan ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ru ẹ̀gẹ́, ó pọn ọmọ. Mo rí i láti òkèèrè. Mo rò pé ọkọ mi náà rí i. Nígbà tí mo kígbe ni ó tó yí ọwọ́ mọ́tò padà, ìyá náà sì ti ṣubú sínú koríko, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fọ́n ká. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò sóhun tó ṣe òun àti ọmọ. A bẹ̀ ẹ́, a bá a ṣa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jọ. Ọkọ mi ní oòrùn ló wọ òun lójú. Kò sí oòrùn lọ́jọ́ náà. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ríran mọ́.

Ọ̀kan nínú táyà ẹ̀yìn mọ́tò wa a máa jò díẹ̀díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti rọ̀, ọkọ mi á sì fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó tó jáde. Pọ́ǹpù kékeré kan ni, ọkọ Ṣadé ló rà á wá láti Kútọnu, Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Inú ihò tí wọ́n ti ń tan sìgá nínú mọ́tò ni wọ́n ń ki orí wáyà rẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, pọ́ǹpù kò dún. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Ó kú fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn.

Ọkọ mi gbé àpótí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iná ti ń wá. Ó tẹ fèrè mọ́tò, ó dún, ó ní bátìrì dára. Ó ki ṣájà fóònù bọ ihò náà, fóònù gbaná, ó ní iná dé ibẹ̀. Ó wá tú ẹnu orí wáyà pọ́ǹpù, fíùsì kékeré kan jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gíláàsì tín-ínrín ni, okùn irin kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju òwú lọ. Tí okùn yẹn bá ti já, iná ò lè kọjá.

Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ imú, ó tún gbé e jìnnà. Tẹ́sítà tí ì bá fi dán an wò ti bàjẹ́ tipẹ́. Mo dúró tì í pẹ̀lú bàsíà aṣọ tí mo fẹ́ lọ sá. Ló bá na fíùsì náà sí mi.

"Ìyá Ṣadé, bá mi wò ó. Ojú rẹ mú ju tèmi lọ. Ṣé okùn inú rẹ̀ ṣì wà?"

Mo wò ó. Okùn náà ti já. Inú gíláàsì ti dúdú. Mo rí i kedere, mo sì tún rí ìyá yẹn nínú koríko pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Ó wà, Bàbá Ṣadé. Ó wà dáadáa."

Ó ní, "O ṣé." Ó dá a padà sáyè rẹ̀.

Mo mọ̀ pé kò ní pe fọkanáísà. Ó ní kí làwọn ọmọ tí òun kọ́ á wí tí wọ́n bá gbọ́ pé pọ́ǹpù lásán borí òun. Ìgbéraga rẹ̀ yìí gan-an ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mọ́tò dúró sójú kan, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mò ń ro láfún gbígbóná fún un, mò ń ṣe bí ìyàwó rere.

Ó tú pọ́ǹpù náà palẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ̀ lé wáyà, ó nu ibi tí a ń tẹ̀, ó fẹ́ rọ́bà rẹ̀ wò. Ó tò ó padà, kò dún. Ó tún tú u. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Iná dé ibi gbogbo, Ìyá Ṣadé. Kí ló wá dé?" Ó bi mí bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹ jẹ́ kó sinmi ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa gbé áyọ́ọ̀nù wá. Ọkọ mi kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́." Obìnrin náà rò pé àwàdà ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ sunkún.

Mo ti ra fíùsì tuntun. Ó wà nínú agolo bọ́tìnnì mi. Mo ti mú un jáde títí, mo tún ti dá a padà. Tí mo bá fi í sínú pọ́ǹpù, táyà á kún, ọkọ mi á gun ọ̀nà Igbogila, àwọn ìyá tó ń ru ẹ̀gẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Tí mi ò bá fi í sínú rẹ̀, á máa rò pé ọpọlọ òun ti lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan ṣe nínú gbogbo ohun tó ṣe sí pọ́ǹpù yẹn.

Lẹ́yìn tó bá Ṣadé sọ̀rọ̀ tán lánàá ni nǹkan kan tún wá yé mi, òun ni kò jẹ́ kí n sùn. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tó na fíùsì yẹn sí mi ló sọ fún mi pé òun kò ríran mọ́. Bí ọkùnrin bíi tirẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ nìyẹn. Ká ní mo sọ òótọ́, ká ní mo di ọwọ́ náà mú, bóyá à bá ti lọ sí Ìlaròó tipẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi, èmi purọ́ sí i lọ́wọ́.

Láàárọ̀ yìí, ó di pọ́ǹpù náà sínú páálí Faransé rẹ̀, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Bá mi wá ibi tí màá fi í sí. Ojú tìẹ ni mo fi ń ríran báyìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Èwo ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un, pé fíùsì ti já, pé kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, àbí pé èmi ni mo purọ́? Tí mo bá sì sọ ọ́, ṣé ó tún lè gba ojú mi gbọ́, lọ́jọ́ tó bá jẹ́ pé ojú mi nìkan ló kù fún àwa méjèèjì?

Láti ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá Ṣadé ti ń wá ibi tí iná dúró sí. Ẹnu mi ló dúró sí.